Ohun Tí Ó Pa Ìyá Fadékẹ́mi: Ìtàn Ìgbésí Ayé Olóògbé Fadékẹ́mi Oyèbọ̀dé (1966–2025)

"Kí ló pa ìyá mi?"

"Ṣé àná ni ìyá rẹ kú ni?"

"Bí kì í bá ṣe àná, ṣé n kò lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè mọ́ ni?"

"Ta ló rán ọ sí mi?"

"Ṣé ó dìgbà tí wọ́n bá rán ènìyàn kí ó tó mọ ohun tó pa ẹni tó bí i?"

"Àwọn tó wá wádìí Ìfẹ́olúwa, ṣé wọ́n ti padà lọ?"

"Kí ni ti àna Ìfẹ́olúwa nínú ikú ìyá mi?"

"Ṣé o fẹ́ kí ọmọ rẹ jókòó tì ọ́ nílé títí irun rẹ̀ yóò fi funfun ni?"

"Ṣé ẹ̀yin fẹ́ kó kú kí irun náà tó funfun?"

"Ṣé o ti jẹun?"

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún. Màmá Fadékẹ́mi Oyèbọ̀dé, tí gbogbo wa péjọ láti sin lónìí, ni ó ń béèrè. Ìyá Àgbà Àdùnní Ṣàngótọ́lá, àbúrò ìyá wọn, ni ó ń fi ìbéèrè dá ìbéèrè lóhùn. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ká Ìyá Àgbà mọ́, oúnjẹ ni wọn yóò gbé wá. Ìdílé Oyèbọ̀dé mọ̀ pé ibi tí a bí olóògbé sí ni irú ìwé báyìí máa ń fi bẹ̀rẹ̀, a ó sì dé ibẹ̀ láìpẹ́. Ṣùgbọ́n àìdáhùn ìbéèrè yìí ni ó gbé Màmá lọ. A kò lè fi í pamọ́ sí ìdí ìwé bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kékeré ni. Ìbínú ni a fi ń kọ ọ́. Ẹ̀yin olùbánikẹ́dùn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà á lọ́wọ́ wa bẹ́ẹ̀.

A bí Fadékẹ́mi ní ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Òkúdù, ọdún 1966, ní ìlú Ola ní agbègbè Ẹ̀jìgbò. Olóògbé Ifákúnlé ni bàbá wọn, àgbẹ̀ oníṣu tí kì í gbé iṣu lọ sọ́jà láìjẹ́ pé òun fúnra rẹ̀ ti jẹ nínú iṣu ọdún náà, kí ẹnikẹ́ni má baà wá sọ fún un pé iṣu rẹ̀ korò. Olóògbé Àyànkẹ́mi, ọmọ ilé Ṣàngótọ́lá ní ìlú Ara, ni ìyá wọn. Àwọn méjèèjì kò bí ọmọ mìíràn tí ó yè.

Ní ọdún 1972 ni wọ́n fi Màmá sí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ola. Kò pẹ́ tí olùkọ́ wọn kan fi sọ wọ́n ní Kí-ló-fà-á. Bí olùkọ́ bá ní òjò ń bọ̀, Fadékẹ́mi yóò ní kí ló fà á. Bí olùkọ́ bá ní kí wọ́n jókòó, ìbéèrè kan náà ni. Wọ́n nà wọ́n nítorí rẹ̀, wọn kò jáwọ́. Ní ọdún 1979, nígbà tí wọ́n wà ní ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Ẹ̀jìgbò, ìyá wọn àti Ìyá Àgbà Àdùnní bá àwọn ará ìlú yòókù lọ sí Àbíjáàn láti máa ta aṣọ. Màmá dúró ti bàbá wọn. Wọ́n parí ẹ̀kọ́ girama, wọ́n lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, wọ́n sì gba ìwé-ẹ̀rí wọn ní ọdún 1988.

Ní ọdún 1990, wọ́n fẹ́ Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ Oyèbọ̀dé ti Ẹ̀jìgbò. Kí ìdána tó wáyé, ìdílé wa rán alárinà lọ sí Ara gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Ìbéèrè alárinà kò yí padà láti ìran dé ìran: ǹjẹ́ wèrè wà nílé yìí, ǹjẹ́ wárápá wà, ǹjẹ́ àrùn kan wà tí ó ń ti ara ìyá bọ́ sára ọmọ? Èsì náà kì í yí padà: kò sí, ara ilé wa le koko, ẹni tí ó bá kú nílé wa, ó sùn ni, kò jí. Gbogbo ilé ní agbègbè yìí ni ó mọ èsì náà lórí. Ilé tí ó bá dáhùn lọ́nà mìíràn, ọmọbìnrin ilé náà yóò pẹ́ kí ó tó rí ọkọ.

Ìyá wọn wálé fún ìgbéyàwó náà, wọ́n jó, wọ́n sì padà sí Àbíjáàn. Ní ọdún 1995 ni Ìyá Àgbà Àdùnní nìkan wálé pẹ̀lú àpótí aṣọ ẹ̀gbọ́n wọn. Wọ́n ti sin Àyànkẹ́mi sọ́hùn-ún. Màmá bi wọ́n léèrè ohun tí ó pa á. Wọ́n ní ó sùn ni, kò jí. Màmá ní obìnrin tí kò tíì pé ẹni ọgọ́ta ọdún, tí ó ru ẹrù aṣọ lọ sọ́jà ní ọ̀sẹ̀ tí ó kú, oorun wo ni ó sùn? Ìyá Àgbà gbé iyán kalẹ̀.

Láti ọdún 1989 títí di ọdún 2024 ni Màmá fi ṣe iṣẹ́ olùkọ́, ní Ola ní àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní Ifẹ̀-Ọ̀dàn, níbi tí wọ́n ti di ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀kadà ni ó máa ń gbé wọn lọ ní òjò àti ní ẹ̀ẹ̀rùn, tí wọn yóò sì máa kọ́ ọlọ́kadà ní ìṣirò lọ́nà. Ìjọ Onítẹ̀bọmi ni wọ́n ń lọ, wọ́n sì ń kọ́ kíláàsì àwọn ìyá. Bí ẹnikẹ́ni nínú kíláàsì bá ní àmúwá Ọlọ́run ni àìsàn òun, wọn yóò ní a gbà bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí ni ẹ jẹ lánàá?

Ní oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2023, àwọn olùwádìí ìṣègùn kan wọ agbègbè wa. Dókítà Mùínàt, obìnrin tí kò tíì pé ogójì ọdún, ni aṣáájú wọn. Ohun méjì ni wọ́n bá wá. Wọ́n fẹ́ mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru tètè mú ẹnìkan ju ẹnìkejì lọ, bóyá iyọ̀ ni, bóyá sísanra ni, bóyá ìdílé ni. Wọ́n sì fẹ́ mọ̀ bóyá hóró oògùn kan tí àwọn dókítà ń fún ẹlẹ́jẹ̀ẹ́-ríru kò ní ewu fún irú wa. Iṣẹ́ rere ni. A kò bá ẹnikẹ́ni jà nítorí pé ó ṣe ìwádìí. Bí wọ́n ṣe ṣe é ni ó ń bí wa nínú.

Gbọ̀ngàn ìlú ni wọ́n tẹ́ tábìlì sí. Wọ́n to àga mọ́ra bí ìgbà tí a bá fẹ́ ṣe ìpàdé. Ẹni tí wọ́n ń bi léèrè jókòó níwájú, ìyá ọkọ rẹ̀ jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó ń dúró de àsìkò tirẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé orí ìbéèrè pé ǹjẹ́ àìsàn yìí wà nínú ìdílé yín, kálukú yíjú wo ẹni tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Obìnrin kan láti Ara, Sàfúrátù, bi ọmọbìnrin tí ń béèrè léèrè pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wo ni ó fẹ́ fẹ́ ọmọ òun. Ẹ̀rín bú. Ọmọbìnrin náà ní rárá o, ẹ̀yin ìyá, ìwádìí ni a wá ṣe. Sàfúrátù ní òun náà mọ̀ pé ìwádìí ni, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé kò sí àrùn nílé wa. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo àwọn tí ó tẹ̀ lé e ṣe wí.

Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn olùwádìí padà wá sọ èsì fún ìlú. Wọ́n ní ohun ìyanu ni wọ́n rí: ní agbègbè Ẹ̀jìgbò, ìdílé kò fi bẹ́ẹ̀ ní ọwọ́ nínú ẹ̀jẹ̀ ríru. Inú wọn dùn sí i. Ní gbọ̀ngàn kan náà, àwọn ọmọ ìyá kan wà níjòókòó tí àrùn rọlápá-rọlẹ́sẹ̀ ti mú gbogbo wọn, tí ọ̀pá wọn gbára lé ògiri kan ṣoṣo. Màmá dìde.

"Dókítà, irọ́ ni a pa fún yín. Kì í ṣe pé a burú. Ẹ̀yin ni ẹ béèrè ọ̀rọ̀ àna níwájú àna."

Ìlú bínú sí Màmá fún ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnìkan ní olùkọ́ fẹ́ ba ọjà ọmọ ọlọ́mọ jẹ́. Màmá ní ọjà tí a fi irọ́ pò, ẹni tí ó rà á ni yóò gbé e jẹ. Dókítà Mùínàt, a gbọ́dọ̀ sọ èyí fún un, kò fi ojú àbùkù wo ọ̀rọ̀ náà. Ó wá sí ilé wa ní ọjọ́ kejì, Màmá sì kọ́ ọ bí a ti ń béèrè irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ní ilẹ̀ wa: nínú yàrá, lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, nígbà tí àna kò sí nítòsí, kí a sì kọ́kọ́ sọ àrùn ilé tiwa kí a tó bi ti onílé. Wọ́n tún ìwádìí náà ṣe. Màmá ń bá wọn kiri láti Ola dé Ifẹ̀-Ọ̀dàn. Ẹnu bẹ̀rẹ̀ sí í là. Àwọn bàbá tí wọ́n ti ní ẹsẹ̀ ń dun àwọn lásán wá jẹ́wọ́ pé bàbá àwọn náà kò lè gbé apá ọ̀tún kí ó tó kú.

Ilé kan ni kò sọ̀rọ̀. Ilé Ṣàngótọ́lá, ilé ìyá Màmá, ni.

Nígbà tí ó kan Màmá láti dáhùn fún ara wọn, wọ́n bi wọ́n léèrè pé ǹjẹ́ ẹnikẹ́ni nínú ìdílé wọn ti lo oògùn rí tí ojú, ètè tàbí ahọ́n rẹ̀ wú. Màmá ní òun kò mọ̀. Wọ́n ní ìyá òun kú ní òkèèrè, ẹni tí ó wà níbẹ̀ kò sì sọ. Àwọn tí ń gba èsì jọ ka kò-mọ̀ yìí sí rárá. Ẹ wò ó, ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé: ẹni tí kò mọ̀ yàtọ̀ sí ẹni tí kò ní. Ọmọ ọdún mẹ́fà tí Màmá kọ́ ní Ola mọ̀ ọ́n. Àwọn tí wọ́n wá wá ewu oògùn kò mọ̀ ọ́n, wọ́n sì fún Màmá, tí ẹ̀jẹ̀ tiwọn náà ń ru, ní hóró oògùn náà ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025.

Ní oṣù Agẹmọ, ètè òkè Màmá wú. Wọ́n rí i nínú dígí ní òwúrọ̀, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní òun ti di ẹni tí ó ń bínú láìmọ̀. Ìlú Ara ni wọ́n ń lọ ní ọjọ́ náà láti kí Ìyá Àgbà Àdùnní. Nùsírátù, ìyàwó ilé tí ó ń tọ́jú Ìyá Àgbà, wà níbẹ̀, òun ni ó sọ ohun tí ó rí fún wa lẹ́yìn ìgbà tí kò wúlò mọ́. Ìyá Àgbà wo ètè náà, ife tí ó wà lọ́wọ́ wọn sì bọ́. Wọ́n ní kòkòrò ni ó ta Fadékẹ́mi. Wọ́n wọ yàrá, wọ́n pẹ́ níbẹ̀, Nùsírátù sì gbọ́ ẹkún wọn. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n ní kí Màmá fi oògùn òyìnbó yẹn sílẹ̀.

"Kí ló fà á?"

"Ṣé gbogbo nǹkan ló gbọ́dọ̀ ní kí ló fà á?"

Ẹni tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ nìyẹn: obìnrin tí kò tẹ̀ lé àṣẹ kan rí láìmọ ìdí rẹ̀ láti ìgbà tí ó ti wọ jẹ́lé-ó-sinmi ayé. Ìyá Àgbà mọ̀ ọ́n dáadáa ju gbogbo wa lọ. Wọ́n fún un ní ìkìlọ̀, wọ́n fi ìdí rẹ̀ pamọ́, nítorí pé ọ̀sẹ̀ náà gan-an ni àwọn ará ilé ọkọ tí Ìfẹ́olúwa, ọmọbìnrin Màmá, fẹ́ fẹ́ ń rìn káàkiri Ara, tí wọ́n ń béèrè ohun tí alárinà máa ń béèrè. Màmá pe àwọn olùwádìí lórí fóònù ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n sọ ti ètè. Àwọn náà bi wọ́n léèrè bóyá irú rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ nínú ìdílé rí. Màmá ní àgbà ilé ní kòkòrò ni. Wọ́n ní ó dára, kí wọ́n máa lo oògùn wọn lọ.

Ní ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kẹtàdínlógún, oṣù Ògún, ọdún 2025, Màmá ti ilé ìjọsìn dé, wọ́n jẹ ẹja díẹ̀, ahọ́n wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í wú. Ọkọ wọn gbé wọn sínú mọ́tò. Kí wọ́n tó dé ilé ìwòsàn, ọ̀nà ọ̀fun ti dí. Ohun tí Màmá fẹ́ sọ kẹ́yìn, a kò gbọ́ ọ. Ìdílé Oyèbọ̀dé kò ní kọ ọ́ sínú ìwé kankan pé wọ́n sùn.

Dókítà Mùínàt gbà láti ọjọ́ kìíní pé oògùn náà ni. Àwọn àgbà ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó ìwádìí náà kò gbà. Wọ́n ní ẹja ni. Wọ́n ní ìdílé olóògbé fúnra rẹ̀ ti jẹ́rìí pé irú rẹ̀ kò sí láàárín wọn. Wọ́n ní bí a bá rí ẹnìkan ṣoṣo tí ó fi ojú ara rẹ̀ rí irú wíwú bẹ́ẹ̀ lára ẹbí rẹ̀ rí, àwọn yóò dá oògùn náà dúró fún gbogbo ẹni tí ó bá ti ìdílé náà wá, àwọn yóò sì tún gbogbo ẹjọ́ náà yẹ̀ wò. Títí di ìgbà náà, àwọn ọmọ ilé Ṣàngótọ́lá tí wọ́n wà nínú ìwádìí náà ń gbé e mì ní àràárọ̀. Ìfẹ́olúwa, tí dókítà rẹ̀ ní Òṣogbo ti kọ oògùn kan náà fún láti ọdún tó kọjá, kò mọ̀ bóyá kí òun jù ú nù tàbí kí òun jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ríru pa òun.

Dókítà Mùínàt lọ sí Ara. Ìyá Àgbà ní ó sùn ni. Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ lọ, pẹ̀lú omijé lójú. Ó sùn ni. Pásítọ̀ lọ, ó gbàdúrà gígùn kí ó tó béèrè. Ìyá Àgbà ṣe Àmín, wọ́n ní ó sùn ni, wọ́n sì ní kí pásítọ̀ ṣọ́ra fún òjò. A kò mọ̀ pé ìfẹ́ lè le tó báyìí, àfi bí òkúta tí a fi dí ojú kànga, tí òùngbẹ sì ń pa àwọn ọmọ tí ó wà lẹ́bàá rẹ̀.

Ọkọ Màmá, Ọ̀gbẹ́ni Gbádébọ̀ Oyèbọ̀dé, wà láyé. Àwọn ọmọ wọn, Ooreolúwa àti Ìfẹ́olúwa, wà láyé. Ìyàwó Ooreolúwa, Beauty, wà láyé, bẹ́ẹ̀ ni Ethan ọmọ wọn, ọmọ-ọmọ kan ṣoṣo tí Màmá rí gbé jó, tí òun náà ti mọ̀ ọ́n béèrè pé kí ló fà á. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Màmá wà láyé ní gbogbo ìlú tí ó wà láàárín Ola àti Ifẹ̀-Ọ̀dàn, wọn kò lóǹkà. Ìyá Àgbà Àdùnní Ṣàngótọ́lá náà wà láyé. A gbàdúrà pé kí ilẹ̀ Ẹ̀jìgbò tẹ́ Màmá lára, kí Olúwa tí kò bínú sí oníbéèrè rí gbà wọ́n sí ibi tí gbogbo èsì wà.

Ìwé yìí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé nígbà tí ohun tí ó kù yìí ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrin, oṣù Ọ̀wàrà, àwọn àna Ìfẹ́olúwa wá bá wa kẹ́dùn. Wọ́n bá Ìyá Àgbà ní yàrá àlejò wa. Ìfẹ́olúwa gbé omi fún àwọn àlejò, ó sì lọ kúnlẹ̀ síwájú Ìyá Àgbà.

"Ìyá Àgbà, n kò ní bi yín léèrè ní kọ̀rọ̀ mọ́. Níwájú wọn ni mo fẹ́ gbọ́ ọ. Ẹni tó bá máa lọ, kó lọ kí ilẹ̀ tó ṣú. Ṣé kí n máa lo oògùn yìí ni àbí kí n má lò ó?"

Ìyá Àgbà wo àwọn àna. Wọ́n ní kí àwọn àlejò jọ̀wọ́ jáde fún ìgbà díẹ̀. Ìfẹ́olúwa ní kí wọ́n jọ̀wọ́ jókòó. Ìyá ọkọ rẹ̀ kò dìde. Ìyá Àgbà ní orí ń fọ́ àwọn. Ìfẹ́olúwa ṣì kúnlẹ̀ síbẹ̀. Ìyá Àgbà wá lanu sọ ọ́. A kọ ohun tí wọ́n sọ bí wọ́n ṣe sọ ọ́. A kò dúpẹ́ fún un, nítorí pé ẹni tí ó ni ìbéèrè kò sí níbẹ̀ láti gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n a ti fi ránṣẹ́ sí Dókítà Mùínàt ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, kò sì sí ọmọ ilé Ṣàngótọ́lá kan tí ó gbé oògùn náà mì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.

"Má lò ó. Má lò ó láé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Tansiọ́n ni wọ́n ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru ní Àbíjáàn, dókítà ibẹ̀ ló fún ẹ̀gbọ́n mi ní hóró rẹ̀. Ètè rẹ̀ kọ́kọ́ wú, ó sì lọ sílẹ̀, àwa méjèèjì fi ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó tún dé, ahọ́n rẹ̀ kún ẹnu, ó ń wò mí, kò lè pe orúkọ mi. Ọwọ́ mi ló kú sí. Ìyá tó bí wa náà, ètè rẹ̀ máa ń ṣàdéédéé wú. Èmi ni mo ní kí gbogbo ilé sọ pé ó sùn, torí àwọn ọmọbìnrin ilé wa ò tíì lọ́kọ nígbà náà. Fadékẹ́mi, ohun tó pa ìyá rẹ nìyẹn. Sùn re, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi."